Ẹsẹ̀ Kì Í Purọ́: Bí Mo Ṣe Fi Ẹsẹ̀ Jẹun ní Amẹ́ríkà

Ẹ̀yin ọmọ wa tẹ́ ẹ ń ronú iṣẹ́ tẹ́ ẹ máa ṣe, ẹ fìdí kalẹ̀ kí n sọ tèmi fún yín. Àmọ́ kẹ́ ẹ tó gbà mí gbọ́, ẹ kọ́kọ́ fura sí mi. Ẹni tó bá ń gba ọmọ ọlọ́mọ nímọ̀ràn, ó yẹ kéèyàn béèrè ohun tó ń wá. Èmi ò wá nǹkan kan, mo ti fẹ̀yìntì. Bẹ́ ẹ bá gbọ́ pé mo ti fẹ̀yìntì, ẹ ó rò pé irun orí mi ti funfun, bẹ́ẹ̀ mi ò tíì pé ogójì ọdún. Nínú iṣẹ́ tí mo ṣe, ẹni ọgbọ̀n ọdún ni wọ́n ń pè ní bàbá àgbà. Àwọn ọmọdé á máa bá a gbé báàgì, wọ́n á sì máa wo ẹsẹ̀ rẹ̀ bí ẹni ń wo táyà tó ti fẹ́ jẹ tán.

Bọ́ọ̀lù ni mo gbá, àmọ́ kì í ṣe èyí tẹ́ ẹ mọ̀ nílé. Bọ́ọ̀lù àwọn Amẹ́ríkà ni, èyí tó ṣe ṣóńṣó lórí méjèèjì, tí wọ́n ń gbé mọ́ àyà sáré. Èmi ni wọ́n máa ń gbé e fún, running back sì lorúkọ tí wọ́n ń pe iṣẹ́ náà. Ọkùnrin mọ́kànlá, àwọn adènà, á dúró níwájú rẹ, iṣẹ́ wọn ò ju kí wọ́n dá ọ wólẹ̀ lọ. Àwọn tìrẹ á máa tì wọ́n kí àlàfo lè ṣí, ìwọ á sì gba inú àlàfo náà kọjá kó tó pa dé. Kẹ́ ẹ tó ṣẹ́jú, ó ti parí, wọ́n á fọn fèrè, wọ́n á tún tò. Orúkọ ẹgbẹ́ tí mo gbá fún, mi ò ní dá a, torí agbẹjọ́rò wọn pọ̀ ju agbábọ́ọ̀lù wọn lọ.

Àwọn àgbà ní ìfura loògùn àgbà. Èmi ti ń lo oògùn náà láti kékeré, Mọ́mì ló sì ń fún mi lò. Ọmọ Abẹ́òkúta ni wá. Mo ṣì kéré nígbà tí bàbá mi kú, tí Mọ́mì kó mi wá sí University Heights ní Bronx, sínú yàrá kan nílé àbúrò rẹ̀. Iṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó ló rí ṣe. Láàárọ̀ kùtù, yóò wọ subway, ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀, títí dé Brooklyn, yóò tún wọ dollar van, ọkọ̀ akérò bíi dánfó, dé ilé ìyá arúgbó ará Jàmáíkà kan ní Flatbush, ilẹ̀ á sì ti ṣú kó tó padà. Òfin tó fi sílẹ̀ fún mi ò pọ̀: má jẹun nílé ẹni tí o ò mọ̀, má sọ ibi tó ń dùn ọ́ fún ará ìta, má sì fi irun orí rẹ sílẹ̀ fún onígbàjámọ̀. Bí mo bá gẹrun ní Tremont, nítòsí ilé wa, màá gbá gbogbo irun náà jọ sínú ọ̀rá, màá gbé e wálé. Onígbàjámọ̀ yẹn, ará Gánà, máa ń bi mí pé ṣé mo fẹ́ fi rán fìlà ni.

“Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmẹ́tè, ló ń mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́,” ni Mọ́mì máa ń sọ, á sì máa fa etí mi bó ṣe ń sọ ọ́. Ẹ bá mi fi òwe yẹn pamọ́ síbì kan, a ó padà dé orí rẹ̀.

Bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀ kò gùn. Àwọn ọmọ kan fẹ́ gba bàtà mi lẹ́nu ọ̀nà subway, mo bọ́ ọ lẹ́sẹ̀, mo gbé e mọ́ àyà, mo sì sá gba àárín wọn kọjá. Olùkọ́ eré ìdárayá ilé ìwé wa dúró lódìkejì títì, ó ń wò mí. Ó ní ṣé mo lè sáré bẹ́ẹ̀ bí mo bá gbé nǹkan mìíràn dání. Láti ibẹ̀ ni mo ti dé ilé ẹ̀kọ́ gíga lọ́fẹ̀ẹ́, láti ibẹ̀ ni mo sì ti di ẹni tí wọ́n ń sanwó fún. Mọ́mì ò gbà á gbọ́ fún ìgbà pípẹ́. Ó ní láyé òun, olè nìkan ló ń sá tí èrò ń lé e, wọn kì í sì í sanwó fún un. Ti owó ọ̀hún, ẹ jẹ́ ká fò ó. Wọ́n san án, àwọn tí mi ò rí rí láyé mi sì bẹ̀rẹ̀ sí í pe ara wọn ní ẹ̀gbọ́n mi.

Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́, Kóòṣì ni gbogbo wa ń pè é. Ará Amẹ́ríkà dúdú ni, ó wá láti ìhà gúúsù, ó ti ṣe iṣẹ́ náà rí, wọ́n sì ti fi irin pààrọ̀ orúnkún rẹ̀ méjèèjì. Lọ́jọ́ tí mo dé, ó gba bọ́ọ̀lù lọ́wọ́ mi, ó ní mi ò tíì nílò rẹ̀. Ó ta okùn sí ẹ̀gbẹ́ pápá, ó fi tapólì ńlá kan kọ́ sórí rẹ̀, ó jẹ́ kó rọ̀ wálẹ̀ dé ibi orúnkún. Ó ní kí àwọn adènà lọ tò sẹ́yìn tapólì náà. Ó wá dojú korobá délẹ̀ níwájú, ó ní kí n jókòó lé e. Ẹsẹ̀ nìkan ni mò ń rí.

Á ní kí n sọ ibi tí ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn máa yà sí. Tí mo bá sọ ọ́ tì, màá lọ ká tówẹ́ẹ̀lì gbogbo ẹgbẹ́. Odindi ìgbà ìmúrasílẹ̀ ni mo fi jókòó lórí korobá yẹn tí àwọn ẹgbẹ́ mi ń sáré. Mo ká tówẹ́ẹ̀lì títí mo fi mọ òórùn olúkúlùkù wọn. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í fura pé alágbàfọ̀ wọn ló fẹ́ kúrò níṣẹ́ tí wọ́n fi ń kọ́ mi. Mo sọ ọ́ fún Mọ́mì lórí fóònù, ó bi mí bóyá Kóòṣì ń fìyà jẹ àwọn yòókù bẹ́ẹ̀. Mo ní rárá, èmi nìkan ni. Ó ní ẹni tí ọ̀gá ò bá wí, ọ̀gá ò rí i ni, kí n máa ká tówẹ́ẹ̀lì mi.

Díẹ̀ díẹ̀, ẹsẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í bá mi sọ̀rọ̀. Ẹni tó fẹ́ já wá síwájú, gìgísẹ̀ rẹ̀ á fúyẹ́ nílẹ̀. Ẹni tó fẹ́ yà sí ẹ̀gbẹ́, ọmọ ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ á ti yà ṣáájú rẹ̀. Kóòṣì sọ ọ́ fún mi lọ́jọ́ tí mi ò ṣi ẹyọ kan: “Ojú lè purọ́, èjìká lè purọ́, ẹnu ò tiẹ̀ níṣẹ́ méjì. Ẹsẹ̀ kì í purọ́.” Ó wá dá bọ́ọ̀lù padà fún mi.

Ẹ̀kọ́ rẹ̀ kejì ni ti àlàfo. Ọmọdé tó bá rí àlàfo tó fẹ̀ á yọ̀, á kó wọ ibẹ̀. Kóòṣì ní bí àlàfo bá ti ṣí gbayawu, kí n kọ́kọ́ bi ara mi pé ta ló ṣí i. Bí àwọn tiwa bá ṣí i, kí n wọlé. Bó bá jẹ́ pé àwọn tọ̀hún ló yẹra, kí n mọ̀ pé wọ́n ń retí mi nínú rẹ̀. Páńṣá ò fura, páńṣá já síná. Àjà ò fura, àjà jìn. Àwọn èèyàn Kóòṣì ò ní òwe yẹn, àmọ́ ohun tó ń wí gan-an nìyẹn.

Mo ṣe é, ó sì yọrí. Àwọn ọmọdé wọ aṣọ tí wọ́n kọ orúkọ mi sẹ́yìn rẹ̀, àwọn onísọ́ọ̀bù ní Tremont lẹ àwòrán mi mọ́ ara ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ páànù epo. Bí mo ṣe ń lókìkí tó ni mò ń fura tó. Omi mi lọ́tọ̀, àwo mi lọ́tọ̀. Málíìkì, ọkùnrin fìrìgbọ̀n tó máa ń sáré níwájú mi láti la ọ̀nà, sọ mí ní Ditẹ́tífù, ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́. Ó ní òun ti ń fi orí òun gbá èèyàn nítorí mi, síbẹ̀ mi ò lè jẹ ẹyọ apá adìyẹ kan lọ́wọ́ òun. Mo ní ọ̀rọ̀ orí lọ́tọ̀, ọ̀rọ̀ adìyẹ lọ́tọ̀.

Irinṣẹ́ wa yí padà lójú mi. Akoto tí mo fi bẹ̀rẹ̀ wúwo bí ìkòkò, àwọn tó dé lẹ́yìn rẹ̀ fúyẹ́, wọ́n sì ń fi ẹ̀rọ wọn orí ẹnì kọ̀ọ̀kan kí wọ́n tó ṣe é. Yàrá òkùnkùn la ti ń jókòó pa pọ̀ wo àwòrán eré tẹ́lẹ̀. Nígbà tó yá, olúkúlùkù gbé tirẹ̀ dání nínú pátákó dídán kan, ó ń wò ó nínú bọ́ọ̀sì. Wọ́n tún rán ẹ̀rọ bíńtín kan mọ́ ibi èjìká aṣọ wa, tó ń sọ bí a ṣe yára tó fún àwọn tó jókòó sí ọ́fíìsì. Mo fura sí ẹ̀rọ yẹn ju adènà èyíkéyìí lọ. Adènà á gbá ọ níwájú gbogbo ayé, ẹ̀rọ yẹn á máa rojọ́ rẹ lẹ́yìn.

Ẹ̀rọ dé ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Tremont náà. Wọ́n ra kámẹ́rà, wọ́n gbé e sórí ẹsẹ̀ mẹ́ta lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn akọrin, kí àwọn tó wà níbi iṣẹ́ lọ́jọ́ Sọ́ńdè lè máa fi fóònù bá wọn jọ́sìn. Ọjọ́ Sọ́ńdè lèmi náà ń ṣiṣẹ́, àmọ́ mi ò wò ó rí. Nígbà tí iṣẹ́ bá dáwọ́ dúró tí mo lè lọ, ẹ̀yìn òpó ni mo máa ń jókòó sí, níbi tí kámẹ́rà ò lè rí mi.

Orúnkún mi òsì ló wá bẹ̀rẹ̀ sí í kùn. Kó lè yé yín: ẹni tó bá fẹ́ yà sọ́tùn-ún lójijì, ẹsẹ̀ òsì ló máa tẹ̀ mọ́lẹ̀ gbọn-in. Tí orúnkún òsì bá kọ̀, òsì nìkan ló kù tó lè máa yà sí, agbébọ́ọ̀lù tó sì mọ ọ̀nà kan ṣoṣo, ẹran tí wọ́n ti so mọ́lẹ̀ ni. Bí àwọn tó gbà mí síṣẹ́ bá gbọ́, wọ́n á mú ọmọ tuntun. Bí àwọn tí à ń bá gbá bá gbọ́, orúnkún yẹn ni wọ́n á máa wá. Ipò mi wà nínú rẹ̀, ẹsẹ̀ tí màá fi rìn nígbà ogbó náà sì wà nínú rẹ̀. Ẹ̀rù bà mí, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín pé ẹ̀rù kì í ba alágbára.

Mi ò sọ fún dókítà ẹgbẹ́. Ó lẹ́rìn-ín lẹ́nu, èèyàn jẹ́jẹ́ ni, àmọ́ ta ló ń sanwó oṣù rẹ̀? Mi ò sọ fún Kóòṣì, mi ò sì sọ fún Málíìkì. Mọ́mì nìkan ni mo sọ fún. Gbogbo Mọ́ńdè, màá wakọ̀ wá sí University Heights bí ẹni tó wá jẹun. Mọ́mì á ti gbé omi kaná, á ti tọ́jú òrí tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí i láti Abẹ́òkúta. Á fi tówẹ́ẹ̀lì gbígbóná jó orúnkún náà, á fi òrí wọ́ ọ, á sì máa gbàdúrà sí i bí ẹni ń bá ọmọ jòjòló sọ̀rọ̀. Mo ní kò gbọdọ̀ dé etí ẹnikẹ́ni.

“Ta ni mo fẹ́ sọ fún, Àkànní?” ló fi oríkì mi bi mí, ojú rẹ̀ sì fi hàn pé mo rí òun fín.

Ìrora náà wá fà sẹ́yìn. Bóyá òrí ni, bóyá àdúrà ni, mi ò mọ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í yà sọ́tùn-ún padà, mo sì ń sáré bíi ti tẹ́lẹ̀. Mọ́mì jó yí ká ilé ìdáná lọ́jọ́ tí mo fi hàn án pé mo lè fi ẹsẹ̀ òsì nìkan dúró, kí n sì yà sọ́tùn-ún.

Ẹgbẹ́ kan láti Texas ló wá bá wa gbá lẹ́yìn ìyẹn. Ọmọ Yorùbá kan wà nínú àwọn adènà wọn, Dámilọ́lá lorúkọ rẹ̀, ìlú Ìbàdàn ni bàbá àti ìyá rẹ̀ ti lọ bí i sí Houston. Kí eré tó bẹ̀rẹ̀, ó wá bá mi, ó tẹ̀ ba díẹ̀, ó ní, “Ẹ káàsán, Ẹ̀gbọ́n,” pẹ̀lú ohùn àwọn ọmọ tí wọ́n bí síbí. Mo kí i dáadáa. Àmọ́ kò wojú mi. Orúnkún mi ló ń wò.

Bọ́ọ̀lù àkọ́kọ́ tí mo gbà, àlàfo ṣí lọ́wọ́ òsì, ó fẹ̀ bíi Tremont Avenue láàárọ̀ Sọ́ńdè. Ta ló ṣí i? Kò sí ẹni wa kankan níbẹ̀. Kí n tó dáwọ́ dúró, iwájú ti dí, ọ̀nà kan ṣoṣo tó kù ni kí n yà sọ́tùn-ún. Mo tẹ ẹsẹ̀ òsì mọ́lẹ̀. Dámilọ́lá ti wà níbẹ̀, ó fi èjìká gbá orúnkún náà. Mo dìde. Bọ́ọ̀lù tó tẹ̀ lé e, wọ́n tún ṣe bákan náà. Málíìkì fà mí dìde, ó sọ ọ́ sí mi létí pé àwọn èèyàn yìí mọ nǹkan kan. Mo wo ẹsẹ̀ Dámilọ́lá kí wọ́n tó tún fọn fèrè. Ọmọ ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ ò kọjú sí mi rárá. Ibi tí ẹsẹ̀ òsì mi máa tẹ̀ ló kọjú sí.

Ẹ lè ní kí ló dé tí mi ò jáde. Bí mo bá jáde, wọ́n á bi mí ní ìdí, àṣírí á tú lójú ara mi. Mo dúró. Ọjọ́ náà ò tíì lọ jìnnà nígbà tí àlàfo òsì tún ṣí, tó sì tún dí. Mo tẹ ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀, Dámilọ́lá já lé e, mo sì gbọ́ nǹkan nínú orúnkún mi tó dún bí igi gbígbẹ. Kóòṣì sáré wọlé lórí orúnkún irin rẹ̀, ìgbà kan ṣoṣo tí mo rí i tó sáré nìyẹn. Kò wojú mi. Ó wo ẹsẹ̀ mi, ó sì ṣí fìlà.

Ní ọsibítù, iṣẹ́ méjì ni mò ń ṣe: mò ń jẹ̀rora, mo sì ń wá ọ̀dàlẹ̀. Dókítà tó ti fọwọ́ kan orúnkún náà lọ́jọ́ kan ńkọ́? Málíìkì tó mọ bí mo ṣe ń tiro láàárọ̀ ńkọ́? Alágbàfọ̀ tó ń gbóòórùn òrí lára ìbọ̀sẹ̀ mi ńkọ́? Nígbà tí Kóòṣì wá kí mi, mo bi í ní tààràtà bóyá ó mọ̀. Ó ní òun ti mọ̀ láti ìgbà tí ewé ti ń wọ́, ṣebí òun lòun kọ́ mi ní ẹsẹ̀ kíkà. Ó ní òun ò sọ fún ẹnikẹ́ni, torí nígbà tí tòun ń dun òun, ẹnì kan mọ̀ tí kò sọ. Mo wo ẹsẹ̀ rẹ̀ bó ṣe ń sọ ọ́. Kò yí padà, mo sì yọ orúkọ rẹ̀ kúrò.

Inú bí Mọ́mì jù mí lọ. “Bíkú ilé ò pani, tòde ò lè pani,” ló ń tún sọ ṣáá. Ó ní ẹni tó sún mọ́ mi ni kí n wá. Ó wá bẹ̀rẹ̀ ààwẹ̀ kí Ọlọ́run tú ọ̀dàlẹ̀ náà fó.

Ó ṣì wà lẹ́nu ààwẹ̀ náà nígbà tí Dámilọ́lá kan ilẹ̀kùn yàrá mi. Mọ́mì wà níbi iṣẹ́. Dámilọ́lá gbé èso dání, mi ò sì ní jẹ ẹ́. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí ilẹ̀ ọsibítù, ọkùnrin gíga, ẹsẹ̀ rẹ̀ wọ abẹ́ bẹ́ẹ̀dì.

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú,” ló wí. “I can't sleep. Mommy mi ló fi video ránṣẹ́ sí mi. She wasn't being bad, I swear. And I showed my coach. Iṣẹ́ mi ni, Ẹ̀gbọ́n.”

Mo ní kó dìde, kó fi hàn mí. Ó ní àwọn ìyá tó ń gbàdúrà pọ̀ lórí fóònù ló ń pín in kiri, ó ti dé Houston kí ẹnikẹ́ni tó mọ̀. Ìyá rẹ̀ fi ránṣẹ́ sí i kó lè fi gbàgbọ́ pé Ọlọ́run ń wo àwọn ọmọ wa sàn.

Ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Tremont ni mo rí, àti Mọ́mì nínú gèlè aláwọ̀ ewé rẹ̀, máìkì lọ́wọ́. “Ẹ bá mi yin Olúwa. Káyọ̀dé ọmọ mi, orúnkún rẹ̀ òsì, ẹ wò ó, èyí.” Ó tẹ̀ ba, ó fọwọ́ gbá orúnkún ara rẹ̀ kí gbogbo ìjọ lè rí i. “Kò lè tẹ̀ ẹ́ yà sọ́tùn-ún mọ́. Dókítà ò mọ̀, ọ̀gá ò mọ̀, Ọlọ́run nìkan ló mọ̀. Àmọ́ ẹ wò ó lónìí!” Ó wá fi ẹsẹ̀ òsì tẹ ilẹ̀, ó yà sọ́tùn-ún kẹ́rẹ́, bí mo ṣe ṣe é fún un ní ilé ìdáná. Gbogbo ìjọ pàtẹ́wọ́.

Mo ní kó tún un ṣe kí n wò ó. Mo wò ó títí ojú mi fi kún fún omi. Ibi tí òwe ẹnu àìmẹ́nu tí mo ní kẹ́ ẹ fi pamọ́ ti padà dé nìyí, àmọ́ kì í ṣe òfófó ló ṣe. Ṣọ́ọ̀ṣì kì í ṣe òde lójú Mọ́mì, inú ilé ni. Gbogbo wa la sì mọ ohun tí wọ́n ń sọ níbẹ̀, pé ìwòsàn téèyàn ò bá jẹ́rìí sí, ó lè padà sẹ́yìn, bẹ́ẹ̀ ẹ̀rí tí kò bá dárúkọ ibi tó ń dunni, ọwọ́ Ọlọ́run kò tíì hàn níbẹ̀ lójú àwọn tó ń gbọ́. Ó ń ti ilẹ̀kùn mọ́ orúnkún mi ni, kí ìrora má lè wọlé mọ́. Ọmọdé òní ò mọ bí ó ti ń dun èèyàn tó, kéèyàn wá ọ̀tá kiri títí, kó wá bá ìyá rẹ̀ níbẹ̀ nínú gèlè tí òun fúnra rẹ̀ rà fún un.

Mo ní kí Dámilọ́lá pa á rẹ́, kó sì bá ìyá rẹ̀ sọ ọ́. Mo ní bí Mọ́mì bá fi lè gbọ́ láyé, ọ̀rọ̀ èmi àti ìwọ ò ní tán. Ó bi mí pé ṣé kò yẹ kí wọ́n mọ̀ ni. Mo ní iṣẹ́ ẹ ni o ṣe, jẹ́ kí n ṣe tèmi. Mo pe pásítọ̀, mo ní kí wọ́n yọ ìsìn ọjọ́ yẹn kúrò níbi tí wọ́n gbé e sí. Ó béèrè ìdí, mo ní ọ̀rọ̀ insurance ni. Ní New York, tó o bá ti pe insurance, ẹnikẹ́ni kì í béèrè ìkejì.

Mọ́mì dé lálẹ́, ètè rẹ̀ gbẹ. Mo ní kó lọ jẹun, pé Ọlọ́run ti dáhùn.

“Ta ni?” ló bi mí.

“Ẹsẹ̀ mi ni, Mọ́mì. Àwọn náà mọ ẹsẹ̀ kà. Ẹsẹ̀ mi ló sọ fún wọn.”

Mọ́mì wo ẹsẹ̀ mi. “Ẹsẹ̀ kì í purọ́, àbí?”

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, kì í purọ́.

Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ, wọ́n tún ṣe òmíràn. Mo lè rìn, mo lè gun àtẹ̀gùn subway tí mo bá fara balẹ̀, àmọ́ iṣẹ́ ti parí. Ẹgbẹ́ mi fi òdòdó ránṣẹ́, lẹ́yìn náà wọ́n mú ọmọ tuntun, ó sì yára. Ẹsẹ̀ gìrìgìrì nílé Ańjọfẹ́. Ańjọfẹ́ kú, a ò rí ẹnì kan. Àwọn ẹ̀gbọ́n tí mi ò mọ̀ rí lọ bí wọ́n ṣe wá. Kóòṣì ò lọ, Málíìkì ò lọ. Dámilọ́lá náà máa ń pè mí lọ́dọọdún, màá sì gbé e, torí ẹni tó fẹ́ ṣe ìkà kì í wá dọ̀bálẹ̀ ní ọsibítù. Mo jẹ apá adìyẹ Málíìkì níkẹyìn, ó dùn díẹ̀.

Nísinsìnyí, mò ń kọ́ àwọn ọmọ ní pápá kan nítòsí ilé wa. Mo ta okùn, mo fi tapólì kọ́ ọ. Bí ọ̀kan nínú yín bá fẹ́ ṣe iṣẹ́ náà, mi ò ní dí i lọ́wọ́, àmọ́ kó mọ̀ pé ara rẹ̀ ló ń tà díẹ̀ díẹ̀, kó fura sí ẹni tó bá sọ fún un pé kò ní tán. Kó fura sí àlàfo tó fẹ̀ jù. Kó fura sí kámẹ́rà. Mi ò mọ bí mo ṣe lè ní kó fura sí ìyá rẹ̀, torí náà mi ò ní sọ ọ́.

Ó ku nǹkan kan tí mò ń fura sí títí dòní. Tẹ́lẹ̀, bí pásítọ̀ bá ti pe ẹlẹ́rìí, Mọ́mì ló ń ṣáájú débẹ̀. Láti ọdún tí mo ṣubú, kò fọwọ́ kan máìkì mọ́. Wọ́n gba ìwé ìgbélùú fún un, kò jẹ́rìí. Ara rẹ̀ yá nínú àìsàn ńlá, kò jẹ́rìí. Bí a bá bi í, á ní ẹsẹ̀ ń dun òun. Àmọ́ lọ́jọ́ Sọ́ńdè, èmi náà máa ń wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lẹ́yìn òpó báyìí, mo sì ń wo ìsàlẹ̀ àga. Bí pásítọ̀ bá ti pe ẹ̀rí, ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì á kó jọ, gìgísẹ̀ á fúyẹ́ bíi ti ẹni tó fẹ́ dìde. Á wá dúró, á tún rọra tẹ̀ ẹ́ padà sílẹ̀. Mo fura pé ó mọ̀. Bóyá ìyá Dámilọ́lá ló pè é, bóyá ó wá ẹ̀rí rẹ̀ lórí fóònù tí kò bá a mọ́, mi ò béèrè. Mo sì fura pé òun náà ń fura pé mo mọ̀ pé ó mọ̀.

Sọ́ńdè tó kọjá, pásítọ̀ pe ẹlẹ́rìí. Mo rí i tí ẹsẹ̀ Mọ́mì kó jọ, mo rí i tó tún tẹ̀ ẹ́ padà, ọwọ́ rẹ̀ sì wà lórí orúnkún òsì ara rẹ̀. N kò mọ ìgbà tí mo dìde. Mo kúrò lẹ́yìn òpó, mo rọra tiro dé iwájú, mo gba máìkì. Iná pupa orí kámẹ́rà ń tàn sí mi lójú. Mo kọ́kọ́ fẹ́ ní kí wọ́n pa á, ó ti dé ẹnu mi, mo sì gbé e mì. Mo tẹ̀ ba, mo fọwọ́ gbá orúnkún òsì mi bí ó ṣe gbá tirẹ̀ lọ́jọ́ náà. Mo ní orúnkún yìí, ìyá mi ló fi òrí wọ́ ọ, ó kúnlẹ̀ tì í, ó gbààwẹ̀ nítorí rẹ̀, òun náà ni mo sì fi mú ìyá mi wá sí ṣọ́ọ̀ṣì láàárọ̀ yìí. Mo ní kí wọ́n bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ohùn Mọ́mì ni mo kọ́kọ́ gbọ́ nínú àwọn tó ṣe àmín. Nígbà tí mo padà jókòó, ó di ọwọ́ mi mú, kò sì wojú mi.

“Àkànní, ṣé o rí i pé kámẹ́rà yẹn ń ṣiṣẹ́? Gbogbo ayé ló ń wo orúnkún ẹ.”

“Kí wọ́n máa wò ó, Mọ́mì,” ni mo wí. “Orúnkún ti fẹ̀yìntì.”